Ta Ló Ní Kí Wọ́n Wọnú Òjò?

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìwé ìfẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí òjò kì í rọ̀ nínú rẹ̀. Ọmọkùnrin á dúró lábẹ́ igi, ọmọbìnrin á máa sáré bọ̀ láti ilé-ìwé, aṣọ á lẹ̀ mọ́ wọn lára, wọ́n á dì mọ́ra, orí yẹn á parí síbẹ̀. Ní Adó-Èkìtì, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù, ojú ìwé yìí ni àwọn òǹkàwé ti máa ń pín sí méjì. Apá kan á ní, "Ó wọ̀ mí lọ́kàn jàre." Apá kejì á dákẹ́ díẹ̀, kí ẹnìkan nínú wọn tó béèrè pé, "Ṣé kì í ṣe ọmọ yìí ni wọ́n ní ó jẹ́ SS ní orí kejì? Ta ló wá ní kí wọ́n wọnú òjò?"

Ẹni tó bi ìbéèrè yẹn kò kórìíra ìfẹ́. Ó mọ àìsàn náà ni: SS ni ẹni tó jogún àìsàn sẹ́ẹ̀lì dòjé (sickle cell) lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Òjò tó pa ẹni tó jẹ́ SS, tí aṣọ tútù sì gbẹ sí i lára, lè di egungun ríro fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Òtútù a máa fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí kò ṣàn dáadáa mọ́ á pẹ́ níbi tí ọ̀nà ti há, ọ́síjìn inú rẹ̀ á dínkù, sẹ́ẹ̀lì pupa á tẹ̀ kọdọrọ bíi dòjé, wọ́n á sì dí ọ̀nà mọ́ èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Òǹkọ̀wé tó rẹ ọmọ náà sínú òjò lálẹ́, tó wá fi ẹ̀rín jí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì láìsí ohunkóhun láàrin méjèèjì, ti pàdánù òǹkàwé kan. Òǹkàwé náà lè máa kà á lọ o, ṣùgbọ́n kò gbà á gbọ́ mọ́.

Òkè òkun ni wọ́n ti kọ púpọ̀ nínú irú ìwé yìí tó gbilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa. Ọmọ ọdún 16 tàbí 17 méjì pàdé nílé ìwòsàn, àìsàn tí kò lọ bọ̀rọ̀ ń bá ọ̀kan tàbí àwọn méjèèjì fínra, wọ́n fẹ́ràn ara wọn, ọ̀kan kú. Nígbà mìíràn jẹjẹrẹ ni. Nígbà mìíràn ó jẹ́ àìsàn àjogúnbá tí wọ́n ń pè ní cystic fibrosis, tó ń mú kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró ki bí àtè. Àwọn tó ní èyí kò gbọdọ̀ súnmọ́ ara wọn. Nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ni wọ́n máa ń fi sáàrin, torí pé kòkòrò àrùn tó fi inú ẹ̀dọ̀fóró ọ̀kan ṣe ilé lè ràn mọ́ èkejì kó sì bà á jẹ́ kọjá àtúnṣe. Òǹkọ̀wé ìfẹ́ kò tún nílò láti wá wàhálà mìíràn kiri: àwọn méjì tó fẹ́ràn ara wọn tí wọn kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kanra.

Àìsàn yẹn ṣọ̀wọ́n láàrin wa. Lára àwọn tí ìran wọn ti Yúróòpù wá ló pọ̀ sí jù. Nítorí náà òǹkàwé tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ọ̀yẹ́ á yọ àìsàn onítàn kúrò, á fi èyí tó mọ̀ rọ́pò, SS ló sì máa ń fi rọ́pò rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìtàn ti máa ń yí mọ́ ọn lọ́wọ́, torí kò sí kòkòrò kankan tó ní kí SS méjì má dì mọ́ra. Wọ́n lè jókòó pa pọ̀, kí wọ́n mu omi nínú ife kan náà. Ohun tó ń ya olólùfẹ́ nípa níbí, ìwé pélébé kan ni, tó ń sọ jẹ́nótáìpù, ìyẹn irú ẹ̀jẹ̀ tí kálukú jogún, tí ilé àyẹ̀wò lu òǹtẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ ìṣirò kan náà ló bí àìsàn méjèèjì: bàbá gbé ìdajì wá, ìyá gbé ìdajì wá. Nínú ìwé òkè òkun, ẹnikẹ́ni kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ òbí lẹ́nu nípa ẹ̀jẹ̀ wọn. Níbí, òǹkàwé kò tíì ka orí kẹta tán tó ti ń béèrè pé, "Bọ̀bọ́ yẹn ńkọ́, kí ni jẹ́nótáìpù tiẹ̀?"

Mo ti rí àwọn tó ka ìbéèrè yìí sí àìmọ̀wékà, pé ẹni tó ń bèèrè rẹ̀ kò jẹ́ kí ìtàn jẹ́ ìtàn. Èrò tèmi yàtọ̀. Nínú gbogbo ohun tí òǹkàwé lè bi irú ìwé bẹ́ẹ̀, mi ò rí èyí tó mú tó o.

Ẹ gbọ́ orúkọ tí Yorùbá sọ àìsàn náà: fòníkú-fọ̀ladìde. Fi òní kú, fi ọ̀la dìde. Orúkọ yìí ti la ọ̀nà ìtàn kalẹ̀ kí òǹkọ̀wé tó mú gègé. Ìwé òkè òkun dà bí ìgbà tí ọkọ̀ ń sọ̀ láti orí òkè Ẹ̀fọ̀n, ìsàlẹ̀ ló ń lọ títí yóò fi dé ìdí. Fòníkú-fọ̀ladìde dà bí ọ̀nà inú Èkìtì fúnra rẹ̀: o gòkè, o sọ̀, o tún gòkè. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ọmọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń fa omi sí i lápá. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó wà ní kíláàsì, ó ń ṣe ìdánwò ìṣirò, ẹni tó jókòó tì í kò sì gbà pé ara rẹ̀ kò yá rí. Mọ́ńdè kejì yẹn ni ìfẹ́ ti ń rí ìdánwò tiẹ̀. Ẹni tó wá kí ọ nílé ìwòsàn, tó sunkún, tó gbé ọsàn wá, ṣé yóò gbà ọ́ gbọ́ nígbà tí o bá ní o kò lè bá a rìn dé Fájuyì lónìí, nígbà tó jẹ́ pé o rìn dé ibẹ̀ lánàá? Òǹkọ̀wé tó pa akọni rẹ̀ ní orí tó kẹ́yìn ti sá fún ìbéèrè yẹn.

Ẹni àkọ́kọ́ tí ìwé ìṣègùn Òyìnbó ṣàpèjúwe ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ báyìí, ọ̀dọ́ ni, akẹ́kọ̀ọ́ sì ni. Walter Clement Noel ni orúkọ rẹ̀, ó ti erékùṣù Grenada lọ kọ́ ìmọ̀ ìtọ́jú eyín ní Chicago lọ́dún 1904, nígbà tó wà lẹ́ni 20 ọdún. Dókítà James Herrick ló tẹ ìròyìn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jáde lọ́dún 1910. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í fi kún un ni pé Noel parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó padà sílé, ó ń tọ́jú eyín àwọn èèyàn títí ó fi kú lọ́dún 1916, lẹ́ni 32. Ẹ̀mí rẹ̀ kò gùn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye nǹkan tó wà láàrin ilé ìwòsàn àti ibojì.

Ọ̀rọ̀ ara gan-an ló yẹ kí irú ìwé yìí ti lágbára jù, torí ìwé nípa bí ọmọ ṣe ń di àgbà ni wọ́n pè é. Ibẹ̀ náà ni ó ti máa ń kùnà jù. Sẹ́ẹ̀lì pupa ẹlòmíràn ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó kú; ti SS ń lo nǹkan bí 10 sí 20. Ara tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun lọ́sàn-án lóru kò ní agbára púpọ̀ tó kù fún dídàgbà. Nítorí náà ọmọbìnrin SS lè má rí nǹkan oṣù rẹ̀ títí ọdún kan tàbí méjì lẹ́yìn tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí tiwọn, ohùn ọmọkùnrin SS lè pẹ́ kó tó kì. Ọmọ ọdún 16 lè dà bí ọmọ 14, àwọn èèyàn á máa pè é ní "ọmọ kékeré yìí". Bó pẹ́ bó yá ara rẹ̀ á bá ti àwọn tó kù, ṣùgbọ́n ọdún méjì pẹ́ púpọ̀ lójú ọmọ ọdún 16. Ìwé tó fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ara ọ̀dọ́bìnrin tó ti pé, tí gbogbo ọmọkùnrin kíláàsì ń wò, ti ju ìtàn ìdàgbàsókè tó dùn jù lọ́wọ́ rẹ̀ nù: ti ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ti dàgbà, tí ara rẹ̀ kò tíì dé.

Ojú ńkọ́? Olólùfẹ́ inú ìwé a máa wo ara wọn lójú lójoojúmọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń kú kíákíá yẹn ló ń sọ ẹyinjú SS di àwọ̀ ìyeyè, lọ́jọ́ kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn, lọ́jọ́ mìíràn kò ṣeé fi pamọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ ti kọ́ bí a ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ láìgbé ojú sókè. Bí òǹkọ̀wé bá mọ ìyẹn nìkan, ọjọ́ tí ọmọ náà gbé ojú sókè wo ẹnìkan á ju gbogbo òjò lọ. Bákan náà ni ìbọ̀sẹ̀ tó gùn nínú ooru oṣù kẹta, tó ń bo egbò ẹ̀gbẹ́ kókósẹ̀ tí kò tètè jinná, àti ẹni tó ń tiro díẹ̀ nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò dé orí egungun itan rẹ̀ dáadáa mọ́.

Omi ló ń da àwọn òǹkọ̀wé láàmú jù. Kíndìnrín SS kì í lè fún ìtọ̀ kó ki. Omi púpọ̀ ló ń bá a lọ. Ìdí nìyí tí àgbàlagbà fi gbọ́dọ̀ mu nǹkan bí lítà mẹ́ta lójúmọ́, ìyẹn píọ̀ wọ́tà oní-50cl mẹ́fà, kó má sì dín in kù nígbà ooru. Ìdí kan náà ló ń mú kí ọmọ máa jí tọ̀ lóru, kí òmíràn tọ̀ sórí ibùsùn títí ó fi di ọ̀dọ́. Ẹ fi ọmọ yẹn sí ilé-ìwé onígbèé, níbi tí iná ti ń kú ní aago mẹ́wàá, tí ilé ìtọ̀ wà lẹ́yìn pápá, tí omi ìwẹ̀ sì jẹ́ omi tútù ní aago márùn-ún àárọ̀ nínú ọyẹ́ oṣù kejìlá. Ọyẹ́ ilẹ̀ olókè yìí kì í ṣeré. Àwọn òǹkàwé tó gbé ilé-ìwé onígbèé máa ń rí i kíá: bí akọni inú ìwé bá ti wẹ omi tútù, tó sáré lọ sí àsánbílì láìwọ súwẹ́tà, wọ́n á ní, "Àìsàn á dé lọ́sàn-án." Bí kò bá dé, wọ́n á pa ìwé dé. (Bí òǹkọ̀wé bá tún gbé wọn lọ sí Ìkọ̀gòsì láti lọ fẹ́ra wọn, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, kó jọ̀ọ́ rántí ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kí ọmọ náà jókòó sí.)

Oògùn kò gba àlàyé púpọ̀, àfi ibi tí ìwé ti máa ń ṣìnà. Fólíìkì ásíìdì 5mg lójoojúmọ́, oògùn adènà ibà bíi proguanil lójoojúmọ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára; hydroxyurea, oògùn tó ń dín egungun ríro kù, fún àwọn tí dókítà fún, èyí tó ń gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kí wọ́n tó mọ bó ṣe ṣiṣẹ́ tó, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nítorí rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni ti ìyá inú ìwé tó ń ra "blood tonic", oògùn tó ní irin nínú, fún ọmọ torí pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Irin inú sẹ́ẹ̀lì tó kú kì í kúrò nínú ara, ara tún ń lò ó ni; ẹni tí wọ́n sì ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára lọ́pọ̀ ìgbà lè ní irin tó pọ̀ jù. Bí kò bá jẹ́ pé àyẹ̀wò sọ pé irin kù, ọṣẹ́ ni àfikún rẹ̀ lè ṣe. Òǹkọ̀wé lè jẹ́ kí ìyá náà rà á o, ọ̀pọ̀ ìyá ń rà á. Àmọ́ kí nọ́ọ̀sì kan nínú ìwé gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìtàn tó bá sì wáyé lẹ́yìn ọdún 2023 kò lè ṣe bí ẹni pé àwọn ọ̀dọ́ inú rẹ̀ kò ní fóònù. Lọ́dún yẹn ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú tó ń tún àbùdá inú mùdùnmúdùn SS ṣe. Casgevy ni orúkọ rẹ̀, iye tí wọ́n sì fi lé e lórí ní Amẹ́ríkà jẹ́ dọ́là mílíọ̀nù méjì ó lé igba ẹgbẹ̀rún. Ọmọ tó dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn ní Ìdó-Èkìtì á ti kà á lórí fóònù. Ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ á ti ṣírò rẹ̀ sí náírà. Ìjíròrò yẹn nìkan tó orí ìwé kan, mi ò sì mọ ìdí tí àwọn òǹkọ̀wé fi ń fò ó.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní "pain", ó sì máa ń fi ń ṣe ohun gbogbo. Òǹkọ̀wé á wá máa wá àfiwé kiri: iná, ọ̀bẹ, gíláàsì tó fọ́. Òǹkàwé Yorùbá kì í nílò ìyẹn. Egungun a máa ro, inú a máa run, orí a máa fọ́, ẹ̀yìn a máa dunni, egbò a máa ta, àyà a máa gúnni. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ibi tó ń gbé. Fún àìsàn yìí, ìyàtọ̀ inú wọn lè gba ẹ̀mí là. Bí ọmọ bá ní, "Mọ̀mí, ẹsẹ̀ ń ro mí," ilé ṣì lè jẹ́ ibi àkọ́kọ́: omi púpọ̀, ìbora, àpò omi gbígbóná, parasitámọ̀ ní ìwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀, kí a sì máa wo aago. Bó bá ní, "Àyà ń gún mi, mi ò lè mí dáadáa," tàbí tí ara rẹ̀ gbóná kọjá 38, kò sí ohun tí a ń dúró dè mọ́, ọkọ̀ ló kù. Ìgbà tí àyà bá ti ń gún pẹ̀lú ikọ́ tàbí ibà, ẹ̀dọ̀fóró ti wọ ọ̀rọ̀ náà, ó sì wà lára ohun tó ń pa SS tó ti dàgbà jù. Nígbà tí àwọn èèyàn bá ń túmọ̀ orí kan sí Yorùbá láti kà á sókè, ibí yìí ni mo máa ń fẹ́ kí wọ́n ti lọ́ra. Ẹni tó kọ "ó ń jẹ̀rora" síbi gbogbo ti pa ìtàn. Kó lọ bi ara rẹ̀: ṣé ó ń ro ni, àbí ó ń gún?

Ọkọ̀ tí mo sì dárúkọ yẹn, ìwé òkè òkun kò mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ aláìsàn máa ń dé nínú ìwé wọn láàrin ìlà méjì. Ẹni tó wà ní Ọmùò ní aago kan òru mọ̀ pé ìdajì ìtàn ìfẹ́ ni wíwá ẹni tó máa gbé mọ́tò jáde.

Ìwé pélébé ńkọ́? Òǹkọ̀wé tó bá fẹ́ fi jẹ́nótáìpù so ìtàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìṣirò, torí àwọn òǹkàwé Èkìtì á ṣe é fún un. Wọ́n ní kò sí agboolé tí kò ní púrọ̀fẹ́sọ̀ ní ilẹ̀ yìí. Bóyá àwàdà ni, ṣùgbọ́n iyàn jíjà wà. AS (ẹni tó jogún ìdajì kan ṣoṣo, tí àìsàn náà kì í sábà ṣe) fẹ́ AS: ìgbàkígbà tí oyún bá dúró, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé yóò jẹ́ SS. Àṣìṣe tó wà nínú ìwé, tó sì wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ òǹkàwé, ni pé bí tọkọtaya bá bí mẹ́rin, ọ̀kan ni yóò jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta á sì bọ́. Oyún kò mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé wá. Nínú 100 irú ilé bẹ́ẹ̀ tó bí mẹ́rin mẹ́rin, nǹkan bí 32 kò ní bí SS rárá, nǹkan bí 42 á bí ẹyọ kan, nǹkan bí 26 tó kù á bí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Àwọn 32 yẹn ló ń jáde wá jẹ́rìí pé "àwa náà jẹ́ AS, kò sí nǹkan kan". Àwọn 26 kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ìwé náà fúnra rẹ̀ lè parọ́, ọ̀nà tó ń gbà parọ́ sì lè dùn nínú ìtàn. Ẹni tó jẹ́ SS tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí lára láìpẹ́ lè jáde bí AS, torí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó fún un ni ẹ̀rọ ń rí. Ó gbọ́dọ̀ tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin kí àyẹ̀wò rẹ̀ tó ṣeé gbára lé. Àyẹ̀wò kékeré tí wọ́n fi ń wò bóyá sẹ́ẹ̀lì á tẹ̀ kò lè sọ ìyàtọ̀ AS àti SS, méjèèjì ló ń tẹ̀ níbẹ̀. Nínú àyẹ̀wò tó fi iná mànàmáná pín ẹ̀jẹ̀ sórí ìwé, àwọn irú ẹ̀jẹ̀ kan a máa dúró síbi kan náà, kí ẹni tí kò fara balẹ̀ sì kọ ohun tí kì í ṣe. Òǹkàwé tó mọ èyí kì í gbà kí ìfẹ́ tú ká lórí ìwé kan ṣoṣo. "Wọ́n ò lọ tún un ṣe níbòmíràn?" Ìbéèrè yẹn ti ba ọ̀pọ̀ ìparí ìwé tó yẹ kó pani lẹ́kún jẹ́. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé àyẹ̀wò tí ṣọ́ọ̀ṣì béèrè lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, tí aṣọ ẹbí ti wà lọ́wọ́ télọ̀, ju ikú lọ láti fi parí irú ìtàn yìí. Gbogbo èèyàn ṣì wà láàyè níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tó máa wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹkún. Níbòmíràn, òǹkàwé á ní ìwé pa òun lẹ́kún, á sì yìn ín fún un. Lọ́dọ̀ wa, bí ìyá kan bá ń gbọ́ orí tó kẹ́yìn, kí omijé tó dé, ọwọ́ á ti dé orí: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Kò ní jẹ́ tiwa." Àwọn tó jókòó tì í á ṣe àmín. Àwọn ọ̀dọ́ a máa rẹ́rìn-ín pé Mọ̀mí ń bá ìwé jà. Mo rò pé ìyá náà ń kà á dáadáa jù wọ́n lọ. Ó gbà pé ikú inú ìwé lágbára tó láti nílò ìdáhùn. Ohun mìíràn sì wà lẹ́yìn àdúrà yẹn. Àwọn tó dàgbà mọ àwọn orúkọ bíi Málọmọ́, Dúrósinmi, Kòkúmọ́, Bánjókòó. Ọmọ SS kì í ṣàìsàn ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, torí ẹ̀jẹ̀ tó bá a ti inú ìyá wá ṣì ń dáàbò bò ó. Nígbà tó bá tó bí oṣù mẹ́fà ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ilé tó bí, tó sin, tó tún bí, tó tún sin, láìmọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ni, pè é ní àbíkú. Mi ò ní gbogbo ọmọ tí wọ́n sọ ní Málọmọ́ ló jẹ́ SS o. Ṣùgbọ́n nígbà tí òǹkọ̀wé bá pa ọmọ kan fún ẹwà ìparí ìwé, ó yẹ kó mọ̀ pé àwọn kan tó ń gbọ́ ọ ti ń bẹ ọmọ pé kó dúró tipẹ́tipẹ́, inú orúkọ gan-an ni wọ́n ti ń bẹ̀ ẹ́.

Fún àwọn tó bá fẹ́ kó èèyàn jọ láti sọ̀rọ̀ lórí irú ìwé yìí, èèyàn mẹ́jọ sí méjìlá ló dára, àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú sì tó. Bí wọ́n bá ju méjìlá lọ, àwọn tó mọ àìsàn náà jù ni yóò dákẹ́. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ṣé ẹ gbádùn rẹ̀?" Gbogbo wọn á ní àwọn gbádùn rẹ̀, ó parí. Ẹ ka ìdajì ojú ìwé sókè, kó jẹ́ ibi tí kò sí ikú, bóyá ibi tí ọmọ náà ti ń gbé oògùn mì, kí ẹ wá béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú ìgbà yẹn. Ẹni tó kéré jù ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí Ẹ̀gbọ́n tàbí Mọ̀mí bá ti sọ̀rọ̀ tán, kò sí ọmọ ọdún 17 tí yóò sọ pé òun rò ó báyìí, á ní, "Bí wọ́n ṣe sọ náà ni." Kí wọ́n sọ fún àwọn àgbà tẹ́lẹ̀ kó má dà bí àrífín.

Ohun méjì ló máa ń ba ìpàdé jẹ́. Ọ̀kan ni kí ẹnìkan yíjú sí ẹni tí gbogbo wọn mọ̀ pé ó jẹ́ SS, kó ní, "Ìwọ, sọ fún wa, ṣé bó ṣe rí nìyẹn?" Ó wá ka ìwé ni, kò wá jẹ́rìí. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n lo "síkúlà" bí orúkọ èèyàn, bí òun fúnra rẹ̀ kò bá lò ó. Èkejì ni kí ọ̀rọ̀ di ìwàásù lórí ẹni tó yẹ kó fẹ́ ẹni, tí gbogbo ènìyàn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ jẹ́nótáìpù ara wọn. Níbi tí AS méjì tó ń fẹ́ra wọn bá jókòó sí láàrin wọn láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, ìyà ni ẹ fi jẹ wọ́n yẹn. Ẹ gbé ìbéèrè jẹ́nótáìpù sórí àwọn èèyàn inú ìwé, kó má kúrò níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá nílò ju ìyẹn lọ, kí nọ́ọ̀sì tàbí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ dúró lẹ́yìn ìpàdé, kí wọ́n sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì ní kí kálukú sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kejì, bí ó bá jẹ́ pé ọmọ náà kò kú. Ọ̀pọ̀ á sọ pé wọ́n ṣègbéyàwó. Ẹnìkan á ní Ọlọ́run wò ó sàn. Ẹni tó mọ àìsàn náà á ní ọjọ́ kílíníìkì ni, wọ́n jí ní aago márùn-ún kí wọ́n lè tètè gba káàdì, ọmọkùnrin náà bá a mú omi dání, ó sì ti gbàgbé súwẹ́tà sílé.